Ọwọ́ Tí Kì Í Kí Èèyàn

Ife omi náà wà láàárín èmi àti àlejò, kò sì gbà á. Mo tún nawọ́ síwájú sí i, bóyá kò rí i ni. Ọkùnrin tó wá ra agbọ̀n láti Ìgbólé yìí wo ife, ó wo ojú mi, ó wá gbójú sókè ó ń wo páànù orí ilé bí ẹni tí wọ́n ní kó wá bá wọn wò ó bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ọ̀bẹ dákẹ́. Bàbá tó ń la ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ti dáwọ́ dúró.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ọwọ́ mi. Òsì ni. Mo fẹ́ yára fi ọ̀tún gba ife náà lọ́wọ́ òsì, ni omi bá dà sí àlejò lẹ́sẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ sókè, Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ojú tì mí débi pé mo sá lọ sẹ́yìn ilé.

Bàbá kì í ṣe ẹbí wa o. Iwájú ilé wa ní Ìtàjí ni ilé rẹ̀ wà, agbọ̀n ló ń hun fún àwọn tó ń kó ẹyìn àti àwọn tó ń wa ẹ̀gẹ́. Ìyá mi máa ń gbé gààrí lọ sọ́jà ní Ìkọ̀lé, ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo sì máa ń wà tí mo bá ti ilé ìwé dé. Ọlọ́wọ́ òsì ni mo jẹ́ láti ìkókó, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú ìyá mi. Ó bẹ Bàbá pé, "Ẹ bá mi gba ọwọ́ yẹn lọ́wọ́ ọmọ yìí, kó tó dójú tì mí níbi tí mi ò mọ̀." Ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ ife omi ni Bàbá fi awẹ́ imọ̀ tútù kan so mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì mi. Kò fún un le. Ó ní èyí tí nǹkan wà lára rẹ̀ yìí, kí n máa fi pamọ́ tí èèyàn bá ti dé.

Mo ṣì ń gbọ́ ìró ibẹ̀ létí mi. Ọ̀bẹ á máa sọ "fììì" lára ọ̀pá imọ̀, ọ̀kadà tó ru àpò ẹ̀gẹ́ á máa pariwo kọjá, òórùn epo pupa tí àwọn obìnrin ń sè lẹ́yìn ilé á máa bá òórùn imọ̀ tútù jà. Èmi á jókòó sílẹ̀ níwájú Bàbá, ìdí agbọ̀n á wà láàárín ẹsẹ̀ mi. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dà rú mọ́ mi lójú. Bàbá tó ní kí n fi òsì pamọ́ yìí kan náà ló máa ń pariwo pé, "Òsì dà? Gbé òsì rẹ wá, àb'ó ti sùn ni?" Agbọ̀n kò ṣeé fi ọwọ́ kan hun. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ tẹ egungun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìkejì á máa ki awẹ́ imọ̀ bọ̀ ọ́ nínú. Tèmi, òsì ló ń ki awẹ́ bọ̀ ọ́, agbọ̀n mi á sì yí sí apá ibi tí ti àwọn ẹlòmíràn kì í yí sí. Bàbá kò bá mi wí nítorí ìyẹn rí. Ó ń kó o mọ́ tirẹ̀ tà.

Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá ti sọ pé "Ẹ kúuṣẹ́ o" lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó ti tán. Òsì mi á ti wà lábẹ́ itan kí àlejò tó wọlé.

Ọjọ́ kan mo bi í pé, "Bàbá, ọwọ́ yìí, ṣé ó dáa ni àbí kò dáa?"

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Uṣẹ́ ni t'òsì. Ọ̀tún ní ń kí èèyàn."

Ó dà bíi pé ìdáhùn ni, àbí? Èmi ni ó wá kó ṣìbáṣìbo bá. Tí mo bá ń fọ abọ́, iṣẹ́ ni. Tí mo bá wá gbé abọ́ náà fún ìyá mi, ṣé iṣẹ́ ṣì ni, àbí ó ti di kíkí? Ìwé kíkọ ńkọ́? Iṣẹ́ ni mo kà á sí, tíṣà wa sì nà mí ní pàṣán lórí ọmọ ìka òsì nítorí rẹ̀. Nígbà tí mo rò ó tí kò lójútùú, mo ṣe òfin tèmi: ibi tí ojú bá wà, kí òsì jókòó sílé. Awẹ́ imọ̀ náà gbẹ, ó já bọ́, mi ò mọ ọjọ́ tó já. Òsì kò padà wá mọ́.

Mo ti dàgbà dáadáa kí yunifásítì kan lókè òkun tó gbà mí wọlé. Wọ́n ní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ti orílẹ̀-èdè mìíràn bọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó gbéra: kó tẹ ojú ewé kan, kó fi pamọ́, kó fi ránṣẹ́, kí àkókò tó pé. Ẹni tí kò bá yege, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo sì mọ̀ pé tí èyí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò ní rí irú rẹ̀ mọ́.

Fóònù nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lò. Mo wá lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Ọ̀yẹ́, nítòsí ibi tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi ìka tẹ ojú ẹ̀rọ títí, kò dá mi lóhùn. Mo tẹ ìwé kan tán, ó pòórá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wa bi mí pé, "Àǹtí, níbo lẹ fi pamọ́ sí?" Mo ní mo fi pamọ́. Ó ní òun gbọ́, níbo? Mi ò mọ̀ pé ó níbì kan tí nǹkan ń lọ. Mo ń wo ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń wò mí.

Èyí tó burú jù ni ọwọ́. Ọ̀tún mi ló ń tẹ lẹ́tà, òun náà ló ń sáré lọ di máòsì mú, òun náà ló ń sáré padà. Àwọn bọ́tìnnì kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi á la àtàńpàkò àti ìka ọ̀tún kan ṣoṣo yẹn gbàgà bí ẹni ń fi ìbú ọwọ́ wọn aṣọ. Àkókò á pé, mi ò tíì dé ìdajì.

"Àǹtí, ẹ má bínú o, ọwọ́ òsì yín ńkọ́? Àb'ó ń dùn yín ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo gbé òsì sórí bọ́tìnnì. Bí olùkọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó báyìí, ọwọ́ náà rọra bọ́ sílẹ̀, ó padà sábẹ́ itan mi. Ọlọ́run ló mọ̀, mi ò rán an níṣẹ́.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìtàjí láti kí Bàbá. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un, apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn náà ló jókòó sí, kò sí ọ̀bẹ, kò sí imọ̀. Mo kúnlẹ̀, ó dá mi lóhùn, kò nawọ́. Aṣọ ìbora bo òsì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé Bàbá kì í fẹ́ rí àlejò mọ́, pé ọwọ́ tó kù fún un, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú tún bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Mo ròyìn ọ̀rọ̀ ìdánwò fún un. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń já geere.

"Ẹ̀rọ ọ̀ún, ṣé ẹ ń kí i ni?"

"Rárá, Bàbá. Iṣẹ́ la fi ń ṣe."

"Uṣẹ́ ni. Olùkọ́ rẹ, ṣé o fẹ́ fún un ní nǹkan ni?"

"Rárá o."

"Kí lo wá ń fi ọwọ́ pamọ́ fún?"

Ẹnu mi já, mo ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá?"

Ó wo aṣọ tó bo ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ó wá ní kí n sún mọ́ òun. Aṣọ ṣí, òsì rẹ̀ jáde, mo sì yíjú kúrò bí ẹni tó já lu àgbàlagbà nílé ìwẹ̀. Ó gbé e lé mi lórí. Ó wúwo. Òórùn oògùn ìpara ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe ti imọ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, èmi kò lè ṣe àmín, mò ń rò ó bóyá ó ti gbàgbé ni, bóyá ó yẹ kí n rán an létí.

"Bàbá, òsì ni o."

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Mi ò kí ọ. Uṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Ó ń bá àdúrà rẹ̀ lọ. Mo wá ṣe àmín, omi ń dà lójú mi.

Nígbà tí mo jókòó ti ìdánwò l'Ọ̀yẹ́, olùkọ́ dúró lẹ́yìn mi, mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo sọ nínú mi pé uṣẹ́ ni, mo gbé òsì sókè. Ó ṣi lẹ́tà tẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ṣùgbọ́n kò bọ́ sílẹ̀. Ojú ewé náà parí kí àkókò tó pé, mo fi pamọ́, mo sì mọ ibi tí mo fi í sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ̀wé pé kí n máa bọ̀.

Mo ti wà lókè òkun báyìí, èmi ni mo sì máa ń jókòó ti àwọn àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí iyàrá kọ̀ǹpútà, tí ìwé wọn ń pòórá. Kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbí. Wọ́n á fi òsì na ìwé sí mi, àyà mi á já, màá fi ọ̀tún gbà á. Mi ò tíì mọ ibi tí iṣẹ́ parí sí tí kíkí ti bẹ̀rẹ̀, mi ò sì rò pé mo máa mọ̀ ọ́n láéláé.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, ọmọ Bàbá fi fóònù pè mí, ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀ kí a lè ríra. Bàbá kàn gbé ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un sókè sí mi, èmi náà gbé tèmi sókè, a wà bẹ́ẹ̀ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi já. Lẹ́yìn tó já ni mo tó wo ọwọ́ tí mo gbé sókè. Òsì ni. Mi ò tètè gbé e sílẹ̀.