Ọjọ́ tí Ayé Onírin Fọ́ Lójú Mi

Ọjọ́ Ìsinmi kan, tí èmi àti Ìyá Dúpẹ́, ọ̀rẹ́ mi, ti ṣọ́ọ̀ṣì dé sí ilé mi ní Dagenham, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé títí ayé mi.

Akin, ọmọ mi, ń gbálẹ̀ ọgbà ìgbafẹ́ kan ní New York. Ère ayé ràgàjì kan, róbótó bí bọ́ọ̀lù, wà nínú ọgbà náà. Irin ni wọ́n fi ṣe é láyé ọjọ́un, nígbà tí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá ṣe àfihàn ọgbọ́n wọn níbẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni Akin ti máa ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi.

A kò tíì bọ́ sùtánà, aṣọ funfun ìjọ wa, nígbà tí ayé onírin yìí yọ lórí tẹlifíṣàn. Kí n tó wí pé, "Ibi iṣẹ́ ọmọ mi nìyẹn," nǹkan ńlá kan já láti ojú ọ̀run, ó fọ́ ọ túútúú. Mo pe Akin, kò gbé e. Mo tún pè, kò gbé e. Ìyá Dúpẹ́ ti kúnlẹ̀, ó ń ké, "Jèhófà, dá a sí!" Ẹ gbọ́, ọwọ́ mi kò tó New York.

Tómi, ọmọ ọmọ mi, sáré jáde láti kíṣìn.

"Áà-áà, Màmá, fíìmù ni jàre! Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fọ́ nǹkan yẹn nínú fíìmù."

Ìyá Dúpẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ fíìmù, kí ló dé tí ọmọ mi kò gbé fóònù?

Ìrọ̀lẹ́ ni Akin tó pè. "Ẹ má bínú, Mọ́mì, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Ṣé kò sí?"

Mo ní, "Ṣé ó ṣì dúró níbẹ̀?"

"Kí ni, Mọ́mì?"

Ẹkún kò jẹ́ kí n dáhùn.