Bí Ṣùkúrà Ṣe Mọ Ìyá Rẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́, ọmọ méjì ló tọ̀ sí mi lára, ẹ̀kẹta sì gé mi níka jẹ. Aṣọ funfun ni mo wọ̀ lọ, torí mo rò pé olùkọ́ ni wọ́n gbà mí fún. Olùkọ́ kẹ̀! Jẹ́lé-ó-sinmi ni, ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun níbí, ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí kò tíì tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá. Ọ̀gá wa, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Màmá Tíṣà, wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Fúnkẹ́," ó ní, "lọ́la, wọ àǹkárá tó ti gbó."

Mo rò pé orin kíkọ àti a-bí-dí ni iṣẹ́ wa. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ẹnu géètì ni iṣẹ́ ọ̀hún gan-an wà, ní òwúrọ̀, nígbà tí ìyá bá fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀. Àwọn ìyá kan wà tó jẹ́ pé wọn á ní kí ọmọ wo ẹyẹ lórí igi, kí ọmọ tó yíjú padà, wọ́n ti fò sórí ọ̀kadà. Lójú tèmi, ọgbọ́n ni. Lójú Màmá Tíṣà, olè ni.

"Ẹni tó bá yọ́ lọ mọ́ ọmọ lójú lónìí," ó máa ń wí, "ọmọ ọ̀hún ò ní í jẹ́ kó dá lọ ṣálángá lọ́la. Kó dágbére! Kí ọmọ sunkún! Ọmọ tó ń sunkún ìyá ẹ̀ ti mọ ẹni tí òun ní."

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ẹni tó bá kígbe jù ní géètì, òun náà ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nídìí jáńgílófà. Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ìborùn ìyá ẹ̀ ló máa ń dì mú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìborùn náà ti dọ̀tí, ó ti ń rùn. Ni obìnrin tó ń bá wa fọṣọ bá ṣàánú ọmọ, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ọmọ gbé e símú, ó jù ú sílẹ̀, ó fi igbe ta. Oúnjẹ, rárá. Oorun, rárá. A ní láti bẹ ìyá ẹ̀ kó wé e mọ́rí sùn lálẹ́ ọjọ́ náà kí ìborùn tó padà di ìborùn. Èmi rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, àmọ́ nígbà tí mo délé, mo jókòó, mo sì ronú sí i. Kí ló wà lára ẹ̀dá tí ọmọ tí kò tíì lè ka ení-èjì fi mọ òórùn ẹnì kan ṣoṣo láàárín gbogbo ayé? Ọ̀rọ̀ náà ń bà mí lẹ́rù títí dòní.

Ṣùkúrà ò ní ìborùn kankan, kò sì sunkún rí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ìyá àgbà ẹ̀, Ìyá Onígààrí, ló máa ń mú un wá láti Ìlọ́bù, torí pé àdúgbò wa ló ti ń ra pákí tó fi ń ṣe gààrí. Ìlọ́bù àti Ìfọ́n ò sì jìnnà síra, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara wọn. Sìdíkà, ọmọ tí Ìyá Onígààrí bí nínú ara ẹ̀, ni ìyá Ṣùkúrà. Bàbá ọmọ ti bá tiẹ̀ lọ tipẹ́. Sìdíkà gbé ọmọ sílẹ̀ fún ìyá ẹ̀ nígbà tí ọmọ ò tíì kúrò lẹ́nu ọmú dáadáa, ó bá wọn lọ ìlú àwọn Lárúbáwá lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń tọ́ lọ́hùn-ún fún ọdún bíi mẹ́ta. Nígbà tó dé, ó gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ àti yàrá kan sí Ìfọ́n, nítòsí wa, ó ní kí òun lè máa rí ọmọ òun lójoojúmọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá, ó gbé bèbí ìṣeré kan dání tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju Ṣùkúrà lọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń pe ọmọ ní gbogbo orúkọ tó ń jẹ́. Ṣùkúrà rìn wá jẹ́ẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé o, Àǹtí." Ó gba bèbí, ó gbé e fún ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó padà sídìí iyanrìn tó ń kó.

Sìdíkà jáde, ó fara ti ògiri.

"Àǹtí Fúnkẹ́, ọmọ tí mo bí ń kí mi bí ẹní ń kí ìyàwó lèmọ́mù. Àwọn tó mú mi lọ ti ń pè mí pé kí n padà wá. Oṣù yìí náà ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Bí Ṣùkúrà ò bá mọ̀ mí, kí ni mo jókòó tì níbí?"

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi. Lọ́jọ́ yẹn, àga ni mo gbé fún un.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá lójoojúmọ́, lónìí bisikíìtì, lọ́la bàtà tó ń tan iná nídìí. "Ẹ ṣé o, Àǹtí." Nígbà tó yá, Màmá Tíṣà pè é jókòó.

"Sìdíkà, ta ló ń lé ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi, ma."

"Kí ló wá dé tó o fi ń lé ọmọ? Má mú nǹkan kan wá mọ́. Má pè é. Má nawọ́ sí i. Gbé aṣọ tó ò ń rán wá, kó o jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Ṣáà jẹ́ kó máa rí ẹ."

"Títí dìgbà wo, ma?"

"Títí yóò fi sú ẹ. Tó bá sú ẹ tán, tún jókòó."

Nígbà tó lọ tán, mo ní ọmọ yẹn ò fẹ́ràn ìyá ẹ̀ ni jàre. Màmá Tíṣà ní, "Ta ló sọ fún ẹ? Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀kan lè lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọdé ò lè fẹnu sọ ọ́, àmọ́ ara ẹ̀ ò gbàgbé."

Sìdíkà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Ó ń fi ọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ, kò wo apá ibi tí Ṣùkúrà wà. Ṣùkúrà kọ́kọ́ ń yọjú wò ó láti ẹ̀yìn jáńgílófà. Nígbà tó ṣe, ó ń ṣeré súnmọ́ ibẹ̀. Nígbà tó tún ṣe, ó ń ṣa àjákù aṣọ nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Sìdíkà, Ṣùkúrà ló wá a rí nínú koríko.

"Àǹtí, abẹ́rẹ́ yín rèé."

"O ṣé," Sìdíkà wí, ó ń rán nǹkan ẹ̀ lọ. Àmọ́ ojú ibi tó ti rán tẹ́lẹ̀ ló tún ń rán. Èmi ò lè fara dà á. Mo pariwo pé, "Ṣùkúrà, àǹtí kọ́ nìyẹn o, ìyá ẹ ni!" Ọmọ wò mí bí ẹni pé mo bú u.

"Ìyá mi wà ní Ìlọ́bù," ó ní, ó sì kúrò níbẹ̀. Màmá Tíṣà fà mí létí bí ìgbà tí mo jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń sin wá.

Kì í ṣe pé Ìyá Onígààrí di ọmọ mú o. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi pé, "Alaalẹ́ ni mò ń wí fún un pé èmi ni mo bí ìyá ẹ̀. Ó ní irọ́ ni mò ń pa." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé inú ẹ̀ ò dùn tán. Ọmọ tí èèyàn ti tọ́ bẹ́ẹ̀, gbígbé e fún ẹlòmíràn ò rọrùn, kódà kó jẹ́ ẹni tó ni ín.

Ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìfọ́n àti Ìlọ́bù, ọ̀rọ̀ àtọjọ́ mọ́jọ́ ni, èmi kọ́ ni n ó dá a. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó tún ru sókè. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti kéde kónílé-ó-gbélé. Àwọn òbí ń sáré wọlé, wọ́n ń gbá ọmọ mú bí ẹní gbá ẹrù níwájú òjò. Nígbà tó yá, ó ku Ṣùkúrà nìkan. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì ẹ̀ lé itan, ó ń wo ọ̀nà Ìlọ́bù.

Fóònù mi dún. Ìyá Onígààrí ni.

"Tíṣà, wọ́n ti dí ọ̀nà. Wọn ò jẹ́ kí n kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ fún ìyá ẹ̀." Ẹkún ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

Bí Sìdíkà ṣe já wọlé nìyẹn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì ti bọ́ sójú ọ̀nà. Ó na ọwọ́. Ṣùkúrà fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri.

"Ìyá mi ń bọ̀."

"Ṣùkúrà, ọkọ mi, jọ̀ọ́, wọn ò jẹ́ kí Ìyá kọjá."

"Ìyá mi ń bọ̀!"

Mo gbé e kí n fi lé Sìdíkà lọ́wọ́. Ọmọ gan bí ọmọ odó, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ké ké ké, igbe tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí. Ariwo ń bọ̀ lápá ọjà.

"Gbé e sílẹ̀," Màmá Tíṣà wí.

"Ma, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn wọlé..."

"Fúnkẹ́, mo ní gbé e sílẹ̀."

Mo gbé e sílẹ̀. Mo rò pé Sìdíkà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ ni. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó fi etí ìjáàbù ẹ̀ nu ojú. Ó yí padà kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, bí gbogbo obìnrin ilẹ̀ yìí ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ pọnmọ. Kò wẹ̀yìn. Kò sọ pé "wá." Ó kàn bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí tipẹ́, mi ò ronú kan nǹkan yìí rí. Ẹni tó bá kọjú sí ọmọ, tó sì nawọ́ sí i, ojú ẹ̀ ń bi ọmọ ní ìbéèrè, ọwọ́ ẹ̀ fẹ́ mú nǹkan. Àmọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tó gbé ẹ̀yìn fún ọmọ ò rí i, kò sì lè já a gbà. Ọmọ ló máa pinnu. Tó bá wù ú, kó gùn ún. Bí kò bá wù ú, kó dúró.

Ṣùkúrà dákẹ́ igbe. Ó wo géètì. Ó wò mí. Mo pa ẹnu mi mọ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún ba nǹkan jẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó dúró. Ó tún gbé ìkejì. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀yìn yẹn, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ló bá na apá méjèèjì, ó dì mọ́ ọrùn ìyá ẹ̀.

Orí mi wú. Áà, Ọlọ́run tóbi! Sìdíkà ò kánjú, ó rọra ń nàró díẹ̀díẹ̀. Màmá Tíṣà tú gèlè orí ara ẹ̀, ó fi ṣe ọ̀já, ó dè é mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti gùn ju ti ọmọ ẹ̀yìn lọ, ó ń mì dirodiro. Omi ń dà lójú Sìdíkà, kò sì jẹ́ kí èjìká ẹ̀ gbọ̀n, kí ọmọ má baà mọ̀. Bí wọ́n ṣe jáde ní géètì nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà, tí àwa náà ṣílé padà, Sìdíkà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Ṣùkúrà wà láàárín itan ẹ̀, ó ń kó ìlẹ̀kẹ̀ sínú okùn. Fóònù Sìdíkà dún. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Rárá o. Mi ò lọ mọ́. Ẹ wá ẹlòmíràn." Ó pa á.

Kò pẹ́ ni Ìyá Onígààrí wọlé, ó ti rù díẹ̀. Ṣùkúrà fò sókè, ó sáré lọ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ìyá àgbà ń kì í, ó ń sunkún. Àmọ́ ọmọ ò jẹ́ kó kì í tán. Ó fà á lọ́wọ́ wá sídìí igi.

"Ìyá mi, ẹ wá. Ẹ wá wo màmá mi."

Mo wo ojú arúgbó náà. Ó dúró, ó wo ọmọ tó fi inú ara ẹ̀ bí, bí ẹni tí kò rí i rí. Ó tún ìró ẹ̀ ró dáadáa. Ó tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, màmá Ṣùkúrà. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Sìdíkà fi etí ìjáàbù bojú. Ṣùkúrà gbá a léjìká jẹ́jẹ́, ó ní, "Màmá mi, ẹ kí wọn. Ìyá mi nìyẹn."

Sìdíkà wọ́lẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì níwájú ìyá ẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá mi," ó wí. Àwọn méjèèjì ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣùkúrà dúró láàárín wọn, ó fọwọ́ lé ìbàdí, inú ẹ̀ dùn pé òun ti mú wọn mọ ara wọn.