Ta Ló Ni Agbára Lórí Irun Ìyá Mi?

Olùkọ́ wa ní yunifásítì ní Àkùngbá sọ fún wa pé láyé ọjọ́un, àwọn tó ń kọ́ nípa àṣà gbà pé ọwọ́ ọba àti ọlọ́pàá ni agbára wà. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn dé, wọ́n ní ó wà nínú ohun tí gbogbo wa gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ìdánwò, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́. Oníjà ènìyàn ni mí. Tèmi ni pé bí ìyà bá ń jẹ èèyàn, ẹnì kan ló ń fi jẹ ẹ́. Ká lọ bá onítọ̀hún, ká jọ wọ̀yá ìjà.

Ọdún yẹn gan-an ni bàbá mi kú. Ilé wa ní Ọ̀kà la sin ín sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fá irun ìyá mi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe opó. Ìyá mi tó ń ta aṣọ ní Ìkàrẹ́, tí kì í yọjú sọ́jà láìdirun. Inú bí mi gan-an.

Mo gba ọ̀dọ̀ olórí ẹbí lọ. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ obìnrin nìyẹn, kò kan àwa ọkùnrin." Mo bá kọjá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tó máa fá a. Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ má bínú, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan orí ìyá mi."

Ó wò mí tàánútàánú. "Ọmọ yìí, ṣé o rò pé ó wù mí ni? Wọ́n fá tèmi náà nígbà tí ọkọ mi kú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Mo wá ẹni tí mo máa bá jà, mi ò rí.

Mo wá rò ó pé bí ìyá mi fúnra rẹ̀ bá kọ̀, màá dúró tì í gbágbáágbá. Mo wọ yàrá. Ó jókòó sórí ẹní, ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé irun rẹ̀ kúrò, ó ń fi abẹ fá èyí tó kù.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe? Ẹ jẹ́ n bá wọn sọ̀rọ̀."

"Bí mi ò bá fá a, wọ́n á ní èmi ni mo pa bàbá rẹ. Ta ló máa fẹ́ ìwọ tí wọ́n ní ìyá rẹ pa ọkọ rẹ̀?" Ó na abẹ náà sí mi. "Wá bá mi fá ẹ̀yìn, ọwọ́ mi ò tó o."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fá a.