Eégbọn Aláṣọ Aláràbarà

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí Iléyá dé ni Àlàájà Síkírà wọ́ àgbò wọn wá sí ilé ìtọ́jú ẹran wa ní Ifọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, mo sì gbà pé kò sóhun tí mi ò mọ̀. Àgbò náà ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú tiro.

"Dókítà mi, ẹ gbà mí o," ni Àlàájà wí. "Ẹran tó bá ń tiro kò ṣeé fi ṣe Iléyá. Láti Ìbàfọ̀ ni mo ti rà á, mi ò sì lágbára òmíràn mọ́."

Mo ní kò sí wàhálà. Mo mú ẹ̀mú kékeré, mo já gbogbo eégbọn abikùn rọ̀bọ̀tọ̀ tó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ sínú ìgò sípíríìtì. Láàárín pátákò, mo rí àwọn kòkòrò pẹlẹbẹ kan tí ẹ̀yìn wọn ní àwọ̀ ọsàn, tí ẹsẹ̀ wọn ní òrùka funfun. Mo ní kòkòrò inú koríko lásán ni. Ta ló rí eégbọn tó ń ṣe faàrí rí? Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, àgbò ṣì ń tiro, ojú Àlàájà sì ti pọ́n. Mo gbé ìgò mi lọ bá Bàbá Kàmọ́rù, àgbà tó ti ń tọ́jú ẹran níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

"Ọkọ wọn dà?" ni Bàbá bi mí.

"Ọkọ ta ni, sà?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Abo ni gbogbo èyí tó yó yìí. Ọkọ ló ń wọ aṣọ aláràbarà. Òun ló ń kọ́kọ́ jókòó sára ẹran, òórùn rẹ̀ ló sì ń pe àwọn yòókù."

Yéè! Èmi ọ̀mọ̀wé! Amblyomma variegatum ni orúkọ eégbọn yìí tí mo kọ́ sórí ní yunifásítì, variegatum yẹn gan-an ló túmọ̀ sí aláràbarà. Mo mọ̀ pé ara màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ló fẹ́ràn, pé eégbọn ajá yàtọ̀ sí i, pé ẹran tí wọ́n ń dà wá láti Òkè Ọya ló ń gbé e kiri ọ̀dọ̀ wa. Ó wá jókòó síwájú mi, mo pè é ní kòkòrò koríko.

Mo sáré lọ sílé Àlàájà. Mo já àwọn ọkọ ọ̀hún kúrò, mo fọ ọgbẹ́ tí wọ́n dá sí àárín pátákò rẹ̀, mo fi oògùn sí i lójoojúmọ́.

Láàárọ̀ Iléyá, Àlàájà pè mí, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Dókítà, kí lẹ fún àgbò yìí jẹ? Ó ti já okùn! Gbogbo àdúgbò ló ń lé e!"

Inú mi dùn débi pé mo jó níbi tí mo dúró sí.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé abọ́ olómorí kan wá fún mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ló wà níbẹ̀, tòun ti pátákò. Àlàájà ní ẹ̀tọ́ mi ni. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Kàmọ́rù kí a jọ jẹ ẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ ya pátákò náà, wọ́n yọjú wo àárín rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n tó ní kí n gbé ọbẹ wá.