Mo Gba Fírídọ́ọ̀mù Kí N Tó Rí Ìwé Iṣẹ́

Ẹgbẹ̀rún márùndínláàdọ́ta náírà ni mo ra akọ tòlótòló kan lọ́jà Tápà. Ẹni tó tà á fún mi búra pé òun ò jèrè kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Mo ní kó pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á san án fún un. Ẹyẹ náà ń wò mí láti òkè délẹ̀ bí onílé tó wá gba owó ilé. Orí ọ̀kadà kan náà la jọ gùn padà sí Igbó-Ọrà, ó sì ń fi ìyẹ́ gbá mi létí títí a fi délé.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù gààrí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, lọ́dọ̀ Alhaja kan. Èmi ni mò ń fi kóńgò wọn gààrí fún oníbàárà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni lóṣù, òun la sì fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ìbejì. Alhaja kì í pẹ́ sanwó. Kì í sì í bú mi níwájú oníbàárà. Á dúró kí oníbàárà lọ ná.

Ìgbà tó yá, ọkùnrin kan dé láti ilé-iṣẹ́ tuntun kan tó wà lọ́nà Èrúwà. Màníjà ni. Ó ní àwọn ń wá obìnrin tí á máa bá àwọn ra gààrí káàkiri abúlé. Ó ti dúró nítòsí nígbà tí èmi àti oníbàárà kan jọ ń fà á lórí owó gààrí, ó ní ẹni tó bá lẹ́nu báyìí, kò sí olóko tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà lóṣù. Mo ní ìwé dà? Ó ní ó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, kí n máa múra sílẹ̀.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi.

"Ìwé ńkọ́?" ló bi mí.

"Ó ń bọ̀."

"Ìyá Ìbejì, o ti ká ṣòkòtò sókè. Odò dà?"

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin náà, ìwé wo lẹ fún bàbá mi kí ẹ tó gbé mi?"

"Ìwọ náà wo iye tí mò ń san fún ọ lóṣù."

Mo rẹ́rìn-ín títí tí ìyàwó ilé kejì fi yọjú láti ojú fèrèsé. Ó yẹ kí n ti ronú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló gba gbogbo ọ̀nà.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ aránṣọ parí, ọ̀gá rẹ̀ á gbàdúrà fún un níwájú èèyàn, á fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́. Fírídọ́ọ̀mù nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe é fún ti kúrò nìyẹn, kì í padà wá gbálẹ̀ ọ̀gá mọ́. Èmi kì í ṣe ọmọ iṣẹ́, owó oṣù ni mò ń gbà. Alhaja gan-an sọ bẹ́ẹ̀.

"O kàn máa dágbére ni," ó ní. "Ta ló ń ṣe fírídọ́ọ̀mù gààrí?"

Èmi ni mo ta kú. Mo ní ẹni tó ń lọ ibi owó ńlá, kò yẹ kó lọ láìgba àdúrà. Bí mo ṣe lọ ra tòlótòló nìyẹn, mo fà á fún Alhaja láti fi dúpẹ́. Mo fún àlùfáà mọ́ṣáláṣí ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Gbogbo ará ọjà wá. Mo kúnlẹ̀, Alhaja gbé kóńgò tó kún fún gààrí lé mi lọ́wọ́ méjèèjì, àlùfáà bẹ̀rẹ̀.

"O ò ní rẹ̀yìn!"

"Àmín!"

"Ibi tó o ti kúrò yìí, o ò ní padà wá tọrọ níbẹ̀!"

"Àmín!"

Àmín tèmi ló lọ sókè jù. Ọmọ ìjọ ni mí, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí wọ́n ti ní kí n máa ya àmín sọ́tọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìwé dé. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì nípọn. Akọ̀wé wọn, ọmọbìnrin kan báyìí, ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, màníjà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdánwò ni, mà. Kò sówó níbẹ̀."

"Ó dáa."

"Owó yín lẹ máa kọ́kọ́ fi ra gààrí náà."

"Owó ta ni?"

"Owó yín, mà. Ilé-iṣẹ́ á dá a padà tí wọ́n bá ti tà á."

"Tí wọn ò bá wá rí i tà ńkọ́?"

Ó ṣí ìwé náà síwá, ó ṣí i sẹ́yìn. "Wọn ò kọ ìyẹn síbí, mà."

"Ọmọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ gbà mí síṣẹ́ ni, àbí èmi ni mo gbà yín?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Màníjà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo ki báírò wọn bọ ìdérí rẹ̀, mo dá a padà fún wọn, mo sì kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Alhaja.

Ìyàwó àbúrò Alhaja ti jókòó lórí àpótí mi, ó ń wọn gààrí, ó sì lawọ́ jù.

"Kí lo gbàgbé?" Alhaja bi mí.

"Iṣẹ́ mi ni, mà."

Mo kúnlẹ̀, mo ròyìn gbogbo ìwé náà fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀.

"Mo sọ fún ọ pé kó o kàn dágbére. Tó bá jẹ́ ẹnu lásán lo fi lọ, ǹ bá ní o lọ kí èèyàn ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjà ló ṣe àmín. Ṣé kí n máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ kí n máa gba àmín padà ni? Tí mo bá gbà ọ́, wọ́n á ní àdúrà tí wọ́n bá ṣe níwájú ìsọ̀ mi kì í gbà."

Mi ò lè jà á níyàn. Èmi náà, ohun tí mo máa sọ nìyẹn tó bá jẹ́ ẹlòmíràn.

Ibi tí mo ti fẹ́ dìde ni mo ti gbọ́ ohùn kan lẹ́yìnkùlé. Tòlótòló mi ṣì wà láàyè. Alhaja ní òun ń dúró de ọmọ òun obìnrin kí òun tó pa á, ṣùgbọ́n ó ti ń lé oníbàárà, ó sì ti fa ìborùn òun ya.

"Mú un," ó ní. "Mi ò lè fún ẹ níṣẹ́. Lọ fi bẹ̀rẹ̀ ọjà."

Kérésì ti sún mọ́lé. Mo so ó mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lọ́nà Èrúwà. Kò pẹ́ tí mọ́tò kan dúró. Ta ló sọ̀ kalẹ̀? Màníjà. A ná an títí, a fẹnu kò sí ẹgbẹ̀rún méjìléláàdọ́ta. Ó na ọwọ́ sí okùn.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n máa gbé e lọ. Màá sanwó lópin oṣù."

"Kò burú, sà. Ìwé àdéhùn dà?"

Ó wo ojú mi. Ó padà sínú mọ́tò, ó mú owó jáde, ó kà á fún mi. Ẹyẹ náà gbá a létí bó ṣe ń gbé e wọ mọ́tò.

Owó yẹn ni mo fi lọ ra méjì mìíràn tó kéré sí i, tòlótòló ni mo sì ń tà títí dòní. Owó ilé-ìwé àwọn ìbejì ń lọ ní ìdajì-ìdajì. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí mo ta ti àkọ́kọ́ yẹn, ọkọ mi ní kí n wá ṣírò ohun tí mo jèrè nínú iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀. Nínú owó màníjà, mo yọ owó tí mo fi ra ẹyẹ, mo yọ ti àlùfáà, mo yọ ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ tí mo fún ọlọ́kadà. Ó ku ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.