Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọ́dọ̀ Dùn

Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kì í pe orúkọ rẹ̀. Màmá Tún-un-Kà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ohun tó máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde jù lójúmọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Lókè ilé kan tí oníbàtà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń ka ìwé sínú ẹ̀rọ fún àwọn tí kò ríran. Òǹkàwé á wọ yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bò láti òkè délẹ̀, á kàwé. Òun á jókòó sí yàrá kejì, á gbé hẹ́dífóònù sórí, á máa tẹ́tí sí ohun tí wọ́n kà. Gbogbo ohun tí kì í bá ṣe ìwé ló gbọ́dọ̀ mú: ẹni tó gbé itọ́ mì, àga tó ké, ewé ìwé tó fọhùn, òòlù oníbàtà tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Bó bá ti gbọ́ ọ báyìí, ìka á lọ sókè: "Ẹ tún un kà."

Kì í wojú ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ àgbà kan bá a jà nígbà kan pé ikùn òun kò kùn rárá. Ó ní, "Ẹ lọ jẹun, sà, kí ikùn náà lè wá jẹ́rìí yín." Bàbá náà lọ jẹun. Nígbà tó dé, ó tún un kà.

Ìgbà tí ọ̀gá wọn ra áńpù tuntun ni nǹkan yí padà. Áńpù ni àpótí tó máa ń fún ohùn lágbára kó tó wọnú hẹ́dífóònù. Ọ̀gá yìí, ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ máa ń dán ju dígí lọ, kò fẹ́ràn nǹkan kékeré. Èyí tó rà tóbi bí àpótí aṣọ, gílóòbù kéékèèké tò sórí rẹ̀, wọ́n ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹyin iná. Kí á má parọ́ mọ́ ọn, ó dùn. Ohùn tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á nípọn, á rọ̀, á dà bí ohùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tó sì fi òróró para. Ìyàwó ọ̀gá, tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáámù, tó sì máa ń kàwé níbẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà, ó fọwọ́ bo àyà. "Háà! Èmi nìyí?" Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rọ ti di àrẹ̀mọ nínú ilé iṣẹ́. Aṣọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń nù ún.

Kò pẹ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn tó ń gbọ́ ìwé ní eku wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní bí òǹkàwé bá ti ń sọ̀rọ̀, nǹkan kan á máa họ lẹ́yìn rẹ̀, ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́. Bàbá arúgbó kan tilẹ̀ ní, "Ẹ bá mi bẹ eku yín kó jẹ́ kí ìtàn parí kó tó jẹun." Gbogbo ìwé tí wọ́n ń ráhùn lé lórí, Màdáámù ló kà á. Màmá Tún-un-Kà ló sì tẹ́tí sí i, tó ní kó máa lọ.

Ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì. Ó fa àga fún un. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti mọ̀ pé kò sí ire níbẹ̀, torí ọ̀gá kì í fa àga fún ènìyàn lásán.

"Mà, ẹ má bínú o. Ọjọ́ orí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kí ni mo wá ṣe tí ẹ fi ń dárí jì mí?"

"Etí ni mò ń sọ. Etí ń dàgbà, Mà. Mo fẹ́ kí ẹ máa jókòó níwájú lọ́hùn-ún, kí ẹ máa gba àlejò. Iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Ẹ mọ ènìyàn rẹ́rìn-ín sí."

"Èmi kẹ̀?" Kò sí ẹni tó tíì rí eyín obìnrin yìí lẹ́nu iṣẹ́ rí. "Sà, mi ò lọ síwájú, mi ò lọ sẹ́yìn. Etí mi kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ yín ló ń parọ́ fún mi."

"Ẹ̀rọ tó dùn tó báyìí?"

"Dídùn rẹ̀ gan-an ni irọ́ ọ̀hún. Gbòmù-gbòmù tó ń dún nísàlẹ̀ ohùn rẹ̀ yẹn ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ra tèmi wá, èyí tí kò ní fi kún, tí kò sì ní yọ kúrò. Bí mi ò bá fi mú eku yìí, mo máa ru àga mi lọ síwájú fúnra mi."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun gbà, ó di ọjọ́ Ajé.

Bó ṣe di ọ̀rọ̀ Màmá Tún-un-Kà àti àbúrò rẹ̀ nìyẹn. Onídìrí ni àbúrò yìí, ẹni tí kò lè rí ọ̀rọ̀ nílẹ̀ kó má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní àfi kí òun bá wọn lọ, pé ẹ̀gbọ́n òun ń lọ wá ohun tí kò dùn rà, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ẹbí àwọn.

Ilé ìtajà ẹ̀rọ tí wọ́n lọ gùn, ó tún tóóró, wáyà so rọ̀ lára ògiri bí irun tí wọn ò tíì dì. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ ti gbé awò ojú rẹ̀ sí iwájú orí, ó sì ń wá a káàkiri orí tábìlì. Àbúrò kò sọ fún un. Ó kàn ń bá a wá a.

"Èyí ló lágbára jù, Mà," ni ọkùnrin náà wí nígbà tó ríran tán. Ó gbé áńpù fàdákà gìrìwò kan síwájú.

"Ṣé ilé ni mo fẹ́ fi wó ni?"

"Agbára dára, Mà."

"Tí mi ò bá ní lò ó ńkọ́?"

Ó tú aṣọ lórí hẹ́dífóònù tirẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń tú ọmọ tuntun. Awọ etí rẹ̀ ti bó tipẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ mọ́ ọn. Ọkùnrin náà gbé e yẹ̀ wò, ó mi orí.

"Ara eléyìí yá. Hẹ́dífóònù kan wà tó jẹ́ pé bí ọkọ ọ̀lẹ ló rí, àfi kí ẹ làágùn kó tó dìde nílẹ̀. Tiyín kò fẹ́ agbára púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti ní 'pẹ̀lẹ́', ó ti ń sáré bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí i?" ni àbúrò wí. "Irú ọkọ tí ẹ ń wá látọjọ́ yìí. Orí ni ẹ ń gbé e kiri."

"Pa ẹnu rẹ dé, oníranù."

Wọ́n to àwọn áńpù sórí tábìlì. Ó fi hẹ́dífóònù bọ èyí, ó yọ ọ́, ó fi bọ òmíràn. Ìwé kan náà ni wọ́n ń kà nínú gbogbo wọn. Nígbà tó kan èyí tó jẹ́ fàdákà, ó pa ojú dé. "Ó mọ́! Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń hàn ketekete! Èyí gan-an ni."

Àbúrò ń wò ó. Ó ti ń rí àwọn obìnrin tó ń yan àwọ̀ irun níwájú dígí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó mọ bí ènìyàn ṣe máa ń gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ti rà tán. Ó tú ìborùn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n dì yín lójú. Ojú ò gbọ́dọ̀ bá etí dá sí ọ̀rọ̀ yìí."

Ó dì í. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, kàù. "Àkọ́kọ́ nìyí." Ó dúró díẹ̀, ó tún tẹ ẹ́, kàù. "Ẹ̀kejì rèé."

"Ẹ̀kejì!" ni Màmá Tún-un-Kà ké. "Bí omi tó tòrò! Kò sí àfiwé!"

Nígbà tó tú ìborùn, àbúrò rẹ̀ ti wà lórí àga olùtajà, ó di ikùn mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò yí nǹkan kan o! Ẹ̀rọ kan náà ni! Ohùn rẹ̀ ni mo fi ọmọńdinrín gbé sókè díẹ̀!"

Ọkùnrin olùtajà sáré gbè é. "Ẹ má bínú, Mà, etí gbogbo ayé ló rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ, òun ni etí máa pè ní èyí tó mọ́. Àwa tó ń tajà pàápàá, bí a bá fẹ́ kí oníbàárà mú èyí tó tóbi, a kàn máa..." Ó wá rántí ibi tó wà. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ máa kí ni?" ni àbúrò bi í. "Èwo lẹ gbé sókè fún ẹ̀gbọ́n mi?"

Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó yí ohùn áńpù fàdákà náà wálẹ̀.

Ẹ̀rín tán lójú àbúrò nígbà tó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà jókòó, ó di hẹ́dífóònù mú sórí itan. Bí ìka kékeré kan bá lè tan etí tó ń fi jẹun, ṣé òótọ́ kọ́ ni ọ̀gá ń sọ? Ó rí ara rẹ̀ níwájú lọ́hùn-ún, tó ń sọ fún àlejò pé "ẹ jókòó, wọ́n ń bọ̀," títí tí wọ́n á fi sin ín. Inú bí i. Kò bínú sí àbúrò, kò bínú sí olùtajà. Àga iwájú yẹn ló ń bínú sí.

"Etí tó ṣeé tàn kì í ṣe etí tó gbó," ó wí. "Etí ni, ó tán. Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, kí ni ẹ fi ń wọn ariwo?"

Ọkùnrin náà mú ìwọ̀n kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó ń tijú.

"Ẹ fi wọn gbogbo wọn sí déédéé. Kí ọ̀kan má ga ju ọ̀kan lọ bí eékánná. Ìwọ, wá dì mí lójú padà. Bí o bá tún ṣe eré, màá fi wáyà yìí dì ọ́ nírun."

Wọ́n ṣe é. Gbogbo ìyìn tó kọ́kọ́ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde dáwọ́ dúró. Ó gbọ́ ọ̀kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wú bí ti ọ̀gá, ó ju ọwọ́. Ó kan òmíràn. Nígbà tí òǹkàwé dákẹ́ láti mí, ó gbọ́ ṣíììì wẹ́wẹ́ kan lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ náà.

"Kí ló ń dín epo níbí?"

Áńpù fàdákà ni. Ọkùnrin náà gbà pé agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù fún hẹ́dífóònù tí ara rẹ̀ yá, pé bó ṣe ń gbé ohùn ló ń gbé ìdọ̀tí ara rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n tún yí i sí òmíràn. Ó tẹ́tí sí i. Ó pẹ́ kó tó mira.

"Kí lẹ rí níbẹ̀?" ni àbúrò bi í.

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Ṣé kò dára ni?"

"Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Kò kí mi, kò bá mi tàkúrọ̀sọ, kò fún mi ní ìrọ̀rí. Ẹni tó ń kàwé nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ di eléyìí fún mi."

Nígbà tó tú ojú, àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan ni, kò tóbi ju ọwọ́ lọ. Àbúrò gbé e sókè. "Gbogbo wàhálà yìí, ike ọṣẹ lẹ wá rà."

Lọ́jọ́ Ajé, ohun tí ọ̀gá náà sọ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìyẹn. Ó wo ike ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrẹ̀mọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. Màdáámù wà níbẹ̀, ó múra dáadáa, torí ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà parí ni ọ̀gá mú fún ìdánwò náà.

Màmá Tún-un-Kà fi wáyà bọ ẹ̀rọ, ó gbé hẹ́dífóònù sórí. Ohùn Màdáámù wọlé, láìní òróró, láìní ìrọ̀rí, bí obìnrin kan tó jókòó sí iwájú rẹ̀. Obìnrin náà fa èémí. Ṣẹ́kẹ́. Ó kà síwájú, ó tún fa èémí. Ṣẹ́kẹ́. Kì í ṣe eku. Eku kì í dúró de èémí. Màmá Tún-un-Kà gbé ojú sókè, ó wo Màdáámù tó ń mí níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbà ọrùn wúrà kan wà lọ́rùn rẹ̀, ewé wúrà wẹ́wẹ́ so mọ́ ọn. Bí àyà bá ti gòkè, àwọn ewé náà á fi orí gbá bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀.

Ìka rẹ̀ lọ sókè. "Mo ti mú un. Ẹ̀gbà ọrùn Màdáámù ni."

"Èyí tí mo rà fún un?" ni ọ̀gá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó rẹwà. Ó sì ń sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá gba hẹ́dífóònù, ó fi bọ ẹ̀rọ ńlá tirẹ̀, ó tẹ́tí. "Kò sí nǹkan kan níbí!"

"Ìdí tí mi ò fi lò ó mọ́ nìyẹn."

"Mà, ìyàwó mi ti ka ìwé yẹn parí. Ìwé ńlá ni. Kò ní tún un kà."

"Á jẹ́ pé kò ní jáde, sà. Ẹ lè gbé mi síwájú, ẹ lè gbé mi sí títì. Ẹnu mi ò ní sọ pé ìwé yìí mọ́."

Màdáámù na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá." Ó fi hẹ́dífóònù sórí, ó sì fúnra rẹ̀ fi wáyà bọ ike ọṣẹ. Ó gbọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ètè rẹ̀ rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹkún ló fẹ́ sun.

"Èmi ni eku," ó wí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín ọ̀hún tán. "Bàbá arúgbó yẹn ń bẹ̀ mí látọjọ́ yìí, ẹ sì ń dá etí àgbàlagbà lẹ́bi."

Ọkọ rẹ̀ ló ń bá wí. Ó tú ẹ̀gbà ọrùn náà, ó kó o sí i lọ́wọ́, ó mú ìwé, ó wọ yàrá fóòmù, ó ti ilẹ̀kùn. Gílóòbù pupa kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn náà tàn. Bó bá ti tàn, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé náà.

Ọ̀gá la ẹnu. "Ṣùgbọ́n, Mà, ti àga iwájú tí a jọ..."

Màmá Tún-un-Kà ti jókòó sórí àga tirẹ̀. Ó na ìka kan sí gílóòbù náà, ó fi ọwọ́ kejì gbé hẹ́dífóònù sórí. Ọ̀gá pa ẹnu dé. Ó di ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbà ọrùn náà gírígírí, kó má baà dún.