Ìtàn Rọ́ṣíà tí Ọkọ Mi Kò Rí Sọ Tán

Bí ọkọ mi bá ti la ẹnu pé, "Nígbà tí mo wà ní Rọ́ṣíà," gbogbo ilé á wá iṣẹ́ ṣe. Èmi á rántí pé ọbẹ̀ wà lórí iná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, á ní kó jẹ́ kí Rọ́ṣíà sinmi ná, kí á gbàdúrà. A ti mọ ìtàn náà bí ẹni mowó.

Ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló lọ kọ́ àtúnṣe katakata níbẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ kan ti ṣe sójà rí, nígbà ogun tí wọ́n bá Jámánì jà, láàárín àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì tó ń gun alùpùpù. Alùpùpù wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n so ìjókòó kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí apẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹnìkejì ń jókòó sí pẹ̀lú ìbọn. Bí wọ́n bá dé odò tí afárá rẹ̀ ti wó, wọn á fi àkísà dí ihò sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, wọn á fi tapólì di alùpùpù pọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, wọn á sì fi okùn fà á lójú omi sọdá. Ibi tí ìtàn náà máa ń dé rèé kí ẹnìkan tó béèrè oúnjẹ.

Kí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ọdún tó kọjá tó dé, àìsàn ti dá Màmá dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá tún lè fi ọwọ́ ara òun wa iṣu, òun fúnra òun ni yóò gbé e dé iwájú pẹpẹ. Nínú ẹbí wa, a kì í fi iṣu ọjà ṣe ìkórè, a kì í sì í rán èèyàn lọ bá wa dúpẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ìkórè ku ọ̀la, àwa mẹ́ta gun alùpùpù ọkọ mi láti Erio, ìlú wa, lọ sun àba. Màmá jókòó sórí àpótí, ó rọra wa iṣu mẹ́ta, ó ń kọrin sí ebè. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Òjò wá rọ̀ ní alẹ́ yẹn bí ẹni pé ó ń bínú. Nígbà tí a dé etí odò tó wà lójú ọ̀nà ilé láàárọ̀, àgbàrá ti gbé afárá onígi lọ. Omi mu ọkùnrin dé àyà, ó sì ṣì ń kún. Orúnkún Màmá kò lè gbé e dé ìlú, nítorí náà alùpùpù gbọ́dọ̀ bá wa sọdá. Màmá jókòó sórí òkúta, ó gbé àpò iṣu lé itan.

Mo wo ọkọ mi. Kí n má purọ́, inú ọkùnrin náà ń dùn. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ló ti ń wá irú odò yìí.

Ó sáré padà lọ pe ẹlẹ́mu tó ń gbé àba. Ìyẹn kó okùn wá, ó kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo wá, ó sì mú tapólì tí a fi ń sá kòkó dání. Níbi tí àwọn ará Rọ́ṣíà ti ń ki koríko, kẹ́ẹ̀gì ẹmu la kì sí i. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló mú okùn sọdá, tó so ó mọ́ igi, tó sì padà wá. Ẹlẹ́mu ní kí á kọ́kọ́ fa alùpùpù, nítorí òun ló wúwo jù.

Màmá ní, "Uṣu Olúwa ni kó ṣáájú."

Ọkọ mi, tí kì í gbóhùn sókè sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jágbe. "Ẹ fi ọ̀kadà sílẹ̀. Ẹ fi iṣu sílẹ̀. Èèyàn ni yóò kọ́kọ́ sọdá."

Ó yà wá lẹ́nu, ṣùgbọ́n a gbà. A so kẹ́ẹ̀gì mọ́ abẹ́ apá Màmá, obìnrin tí kì í jẹ́ kí ẹmu wọ ilé rẹ̀. Ọkọ mi dì í mú lápá kan, ẹlẹ́mu dì í mú lápá kejì, wọ́n sì gbé e gúnlẹ̀. Èmi tẹ̀ lé wọn, mo di okùn mú bí ẹni di ẹ̀mí mú. Lẹ́yìn náà ni iṣu dé, alùpùpù ló kẹ́yìn, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú omi bí ewúrẹ́ tó lóyún. Ọkọ mi nu púlọ́ọ̀gì gbẹ, ó tẹ alùpùpù títí, ó sì dáhùn.

Wọ́n ti ń kọrin ọrẹ nígbà tí a wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ Màmá tutù, òórùn ẹmu sì ṣáájú rẹ̀ wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin ń wo ara wọn. Màmá kò wo ẹnì kankan. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé iwájú, ó gbé iṣu kalẹ̀, ó ní, "Olúwa, mo ti dé o."

Nídìí iyán lọ́sàn-án, Màmá ní kí àbúrò òun sọ ìtàn Rọ́ṣíà rẹ̀, kó sì sọ ọ́ tán. Kò sí ẹni tó dìde. Ó sọ ọ́ dé ibi tí a máa ń gé e, ó sì ń bá a lọ.

Ó ní ní odò kan báyìí, tí omi ń kún, ọ̀gá wọn pàṣẹ pé alùpùpù ni kó kọ́kọ́ sọdá. Wọ́n fà á, ó gúnlẹ̀ láìsí ìyọnu. Nígbà tí wọ́n padà wá mú ẹni tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ òun, tó ti gbọgbẹ́, omi ti ju agbára wọn lọ, wọn kò rí i gbé sọdá mọ́.

Ó ní, "Olùkọ́ mi gun alùpùpù yẹn títí ogun fi parí. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo."

Màmá mú ẹran tó tóbi jù nínú àwo tirẹ̀, ó fi sínú ti àbúrò rẹ̀, ó sì ń wò ó títí ó fi jẹ ẹ́ tán.